Ìdọ̀tí Ara Idẹ Ilé-Ifẹ̀

Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni, ó sì ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti rọ wọ́n.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kí ó fọ̀ ọ́. Àṣà ilé wa ni: ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ tí wọ́n ń lò títí yóò fi dán. Ṣùgbọ́n ti idẹ inú ilẹ̀ yàtọ̀. Àmì ọ̀dà pupa àti dúdú ṣì wà lára adé orí kan nínú àwọn orí wọ̀nyí. Òun ló jẹ́ kí á mọ̀ pé wọ́n kùn ún lọ́dà. Ká ní wọ́n ti fi iyanrìn ha á ni, ẹ̀rí náà ì bá ti parẹ́.

Bákan náà ni owó àtijọ́ rí. Kọ́bọ̀ oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ná ní ilẹ̀ wa ṣáájú ọdún 1910 ní orúkọ ọba àti ọdún lára. Omi ọsàn lè jẹ ọdún náà. Owó á dán, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́.

Òfin ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni hú ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì rí i lóko, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀ létí.