Ta Ló Jẹ Ọmọ Ẹja Bàbá Mi?

Muwaileh, ní Sharjah níbí, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, ẹ má wo ojú mi.

Ẹnì kan nínú yín béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ẹja àrọ̀ máa ń jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bàbá mi ra ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja sínú adágún ẹ̀yìnkùlé wa. Lẹ́yìn oṣù méjì, ohun tó kù ò tó irínwó. Wọ́n ní ọmọ tó ń ṣọ́ adágún ló jí i tà, wọ́n sì lé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1951, ìdánwò kékeré nìjọba fi bẹ̀rẹ̀ ẹja sísìn ní Oníkan, l'Ékòó. Lẹ́yìn náà ni ti Panyam, nítòsí Jos. Àrọ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Àrọ̀ wá gbapò nígbà tó yá, torí ó lè yọrí mí afẹ́fẹ́ lókè omi, èèyàn sì lè kó o jọ pítipìti. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ní 1988, Hecht àti Appelbaum kọ ohun tí wọ́n rí lára ọmọ àrọ̀. Tó bá ṣì kéré, ìrù ló ti máa ń gbé ìkejì rẹ̀ mì. Tó bá dé orí, á já orí sílẹ̀. Tó bá dàgbà díẹ̀, odindi ló ń gbé mì. Ẹ ò ní rí òkú kankan! Ebi ló ń dá a sílẹ̀, àti àìtó bákan náà: èyí tó bá yára tóbi, tí àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní ṣútà, á sọ àwọn yòókù di oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni bàbá mi ń fún tiwọn ní èérí àgbàdo. Wọn ò ṣà wọ́n rí.

Ní 2001, Winberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tryptophan kún oúnjẹ ẹja trout. Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n: ó wà nínú ẹyin àti ẹran, ara ló ń sọ ọ́ di serotonin. Ọjọ́ 3 ò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ 7, ìjà wọn rọlẹ̀. Trout nìyẹn o, ẹ má lọ da oògùn sínú adágún àrọ̀ yín.

Mo ka gbogbo èyí fún bàbá mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn wá nọ́ńbà ìyá ọmọ yẹn.