Sítóòfù Fúyẹ́, Òtútù Wúwo

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kan ọmọ Àgọ́-Ìwòyè nínú sítóòfù tí àwọn òyìnbó ń gbé gun òkè lásìkò yìnyín. Ó kàn wá o. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí yín lónìí lè lọ kàwé ní Scotland lọ́la, kí àwọn ọ̀rẹ́ sì ní kó bá àwọn gun òkè Ben Nevis. Àwa tí a ṣì wà nílé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àwa là ń ru sítóòfù láti yàrá kan sí òmíràn?

Àwọn baba ńlá wa kì í ru ààrò rìn. Òkúta mẹ́ta, igi gbígbẹ, ó parí. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó ń na ọ̀nà àárín ọ̀sà sí Ìbàdàn, ẹrù ọjà ló wà lórí wọn; igbó ló ń fún wọn nígi. Ọgbọ́n gidi ni: ohun tí èèyàn máa bá lọ́nà, kì í rù ú kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nínú yìnyín, igi dà? Òkúta dà? Omi gan-an ti dì.

Ọdún 1892 ò ṣeé gbàgbé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn, tí wọ́n sì fipá ṣí ọ̀nà òwò tí àwọn èèyàn wa ń ṣọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Stockholm ní Sweden, Frans Wilhelm Lindqvist ṣe sítóòfù tí wọ́n ń pè ní Primus. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò mọ ara wọn rí, àmọ́ wọ́n pàdé nílé ìdáná wa nígbẹ̀yìn, torí ọ̀nà tó ṣí yẹn wà lára ibi tí ọjà òyìnbó, kẹrosíìnì pẹ̀lú, gbà wọ ìlú.

Sítóòfù olówùú tí a mọ̀, òwú ló ń fa kẹrosíìnì sókè. Ti Lindqvist ò lówùú. Wọ́n á fi spírítì díẹ̀ mú orí rẹ̀ gbóná, wọ́n á páǹpù afẹ́fẹ́ sínú táǹkì, kẹrosíìnì á gòkè, á di oru kó tó jó. Iná ọ̀hún á le, kò sì ní kun ìkòkò ní dúdú. Fridtjof Nansen ará Norway gbé e dání nígbà tó wọ ọkọ̀ Fram lọ síhà Àríwá Ayé ní 1893. Hillary àti Tenzing lò ó lórí Everest ní 1953.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn tó sì tún korò. Amundsen dé ìpẹ̀kun Gúúsù Ayé ní oṣù Kejìlá 1911. Scott, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní 1912 pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Àwọn méjèèjì ló ní sítóòfù tó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Scott ń padà bọ̀, ó bá agolo kẹrosíìnì tí wọ́n tọ́jú sílẹ̀ lọ́nà, epo inú wọn ti dín. Awọ tí wọ́n fi dí ẹnu agolo ò mú nínú òtútù. Amundsen ní tiẹ̀ ti fi òjé lẹ ẹnu agolo tirẹ̀ pa. Nínú àwọn márààrún, ẹnì kan ò délé. Lóòótọ́, ebi àti àárẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ epo tó dín dá kún un.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹni tó ń yan sítóòfù, epo ni kó kọ́kọ́ bi léèrè. Sítóòfù tí wọ́n ń dé mọ́ orí agolo gáàsì fúyẹ́, ó sì yá, ṣùgbọ́n gáàsì butane kì í di oru mọ́ tí òtútù bá ti dé bíi òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Propane ṣì ń di oru títí dé nǹkan bíi 42 sísàlẹ̀ òdo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ gáàsì ìgbà òtútù. Sítóòfù oníspírítì fúyẹ́ bí ìyẹ́, àmọ́ iná rẹ̀ ò lágbára. Èyí tí wọ́n ń páǹpù wúwo ju àwọn yòókù lọ, òun ló sì fara da òtútù jù, torí ọwọ́ ẹni ló ń fún un lágbára.

Ẹ tún ṣírò èyí: ooru tó máa sọ kílò yìnyín kan di omi tútù lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ooru tó máa mú kílò omi kan láti òdo dé 80. Ẹni tó bá fi sítóòfù tí kò lágbára dín ẹrù kù, inú epo ló ti máa tún un rù.

Ẹ̀kọ́ náà ò jìnnà sí wa. Iná tí a dá nínú àgọ́ tí a tì pa ń tú gáàsì olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn jáde. Yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ọyẹ́ ò yàtọ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n lú mọ́ pẹtiróòlù sì ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn, nílẹ̀ wa níbí. Sítóòfù ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, kí a tó yin sítóòfù, ẹ jẹ́ ká bi epo inú rẹ̀ léèrè ibi tó ti wá, ká sì wo ẹnu agolo bóyá ó dé dáadáa.