Ìbò 1965: Ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, LAUTECH ni mo sì ti jáde. Ọdún mélòó la fi ń pe orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá láìbéèrè bó ṣe kú? Ó yá, ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Akíntọ́lá ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, òun náà ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọmọ wa ni.

2. Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1965, wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Dẹ́mọ̀ (NNDP), kojú UPGA. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Kọ́jọ́ ìbò tó pé rárá, wọ́n ti ní àwọn Dẹ́mọ̀ kan wọlé láìní alátakò. Alátakò wà o! Òṣìṣẹ́ tó yẹ kó gba fọ́ọ̀mù wọn ni wọ́n wá tì.

3. Ìjọba ní Dẹ́mọ̀ ló wọlé. Dàúdà Adégbénró ti UPGA ní irọ́ ni, àwọn làwọn wọlé. Wọ́n gbé e.

4. Kò sẹ́ni tó gba adájọ́ gbọ́ mọ́, ló bá di wẹ́tìẹ̀. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, sí mọ́tò, sí èèyàn lára, wọ́n ń ṣáná sí i.

5. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ṣọ́jà dé. Wọ́n pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn. Ṣé UPGA wá gbàjọba? Rárá. Ológun ló gbà á, ó sì di 1979 ká tó rí ìjọba alágbádá.

6. Ẹ wá wo Ọ̀ṣun. Wọ́n ní Arẹ́gbẹ́ṣọlá fìdí rẹmi ní 2007. Ó gba kóòtù lọ. Oṣù kọkànlá 2010 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre. Ó pẹ́ jù, àbí? Ní báyìí, ọjọ́ 21 lèèyàn ní láti pẹjọ́, ọjọ́ 180 ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ní láti dá a.

7. Mi ò sọ pé kóòtù wa ò lábàwọ́n o. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí kóòtù lè padà gba ìbò rẹ̀. Ẹni tó ṣáná, kò rí nǹkan kan gbà.

8. 2027 ti ń bọ̀, mo sì ń rí i táwọn kan ń fi wẹ́tìẹ̀ ṣàwàdà. Ìyá àgbà wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nílé. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dìbò tán, ẹ dúró kí wọ́n kà á. Ẹ ya fọ́tò ìwé èsì tí wọ́n bá lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rí ni kóòtù ń béèrè.

Kí làwọn àgbà yín sọ fún yín nípa 1965? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.