Ìwé Tọ Àgbẹ̀ Lọ sí Oko

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà mọ nǹkan kan: bí ènìyàn kò bá rí ìwé kà, ohun tí ó kọ́ yóò máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìkàwé kì í sábà sí ní oko. Ìlú ńlá ni ó máa ń wà. Ta ni yóò fi ilẹ̀ tí ó ń ro sílẹ̀, kí ó rin ìrìn ọjọ́ kan nítorí ìwé kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Mary Titcomb ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1901, wọ́n ṣí ilé ìkàwé kan ní ìlú Hagerstown, ní ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n sì fi í ṣe olórí ibẹ̀. Ilé ìkàwé náà kì í ṣe ti ará ìlú nìkan. Ti gbogbo àgbègbè ni, àgbẹ̀ sì pọ̀ ní àgbègbè náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nítòsí ni ó ń rí i lò. Ni obìnrin yìí bá ń kó ìwé sínú àpótí, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn abúlé. Wọ́n gbé òmíràn sí ilé ìtajà, wọ́n gbé òmíràn sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí ó yá, irú ibi bẹ́ẹ̀ di 66.

Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní àárín oko, tí kì í sábà dé ilé ìtajà, àpótí kò ràn án lọ́wọ́.

Ní ọdún 1905, Titcomb ní kí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ kan tí ẹṣin méjì yóò máa fà. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣí i, ìwé ni a ó rí lórí pákó, bíi 200. Àpótí ìwé ti àwọn abúlé wà nínú. Joshua Thomas, ẹni tí ń gbálẹ̀ ilé ìkàwé náà tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀, ni ó di ìjánu ẹṣin mú.

Wọ́n kun kẹ̀kẹ́ náà ní dúdú. Àṣìṣe nìyẹn! Ní ilẹ̀ wọn, kẹ̀kẹ́ dúdú ni wọ́n fi ń gbé òkú. Bí àgbẹ̀ kan ti rí i lókèèrè, ó kígbe pé kí wọ́n má ṣe dúró ní ilé òun, pé àwọn kò ní òkú. Titcomb kò bínú. Ó ní kí wọ́n kun ara ilẹ̀kùn náà ní pupa, ọ̀rọ̀ òkú sì tán níbẹ̀.

Ọmọ àgbègbè náà ni Thomas. Ó mọ àwọn ará oko, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Titcomb kò fẹ́ kí ẹni tí ń gbé ìwé lọ máa kánjú. Ó fẹ́ kí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí ó kí onílé, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tí ó wù ú. Ní tèmi, ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ ju inú kẹ̀kẹ́ lọ. Àgbàlagbà a máa tijú ìwé. Bí ẹni tí ó gbé e wá bá ń wo oòrùn, onílé yóò ní òun kò fẹ́.

Ní oṣù 6 àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ náà jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìrìn kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 48. Ìwé 1.008 ni ó pín fún àwọn ènìyàn.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ, tí ojú irin gba ìlú yín kọjá, ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ ojú irin lè ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1910, kẹ̀kẹ́ náà ń ré ojú irin kọjá, ọkọ̀ tí ń kó ẹrù kọlù ú, ó fọ́ yángá. Ilé ìkàwé náà kò ní kẹ̀kẹ́ mọ́ títí di ọdún 1912, tí wọ́n fi rí ọkọ̀ mọ́tò. Ọkọ̀ yìí yára ju ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀ náà ni ó ń lọ dúró sí.