Gbèsè tàbí Olè? Ìkówójẹ Àwọn Olùdarí Báńkì ní Nàìjíríà, 1929 sí 2011

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, jẹ, ni Yorùbá ń lò fún ohun méjì tí òfin ìgbàlódé yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó yá owó tí kò tíì san án jẹ gbèsè. Ẹni tí a fi owó pamọ́ sí lọ́wọ́ tí ó sì ná an kówó jẹ. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè kò jẹ́ fi ọ̀kan pe èkejì. Alájọ a máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lójoojúmọ́, a sì máa dá a padà ní ìparí oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi owó náà kọ́lé, ọjà kò ní sọ pé ó jẹ gbèsè. Wọn yóò ní ó kó owó olówó jẹ. Ìtàn báńkì ní Nàìjíríà fi hàn bí ó ti pẹ́ tó kí òfin tó dé ibi tí ọjà ti dúró sí.

Bank of British West Africa ti wà ní Èkó láti 1894, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni ó ń yá lówó jù. Ẹ̀dùn yìí ni Winifred Tete-Ansa, ọmọ Gold Coast, gbé lọ́kàn tí ó fi dá Industrial and Commercial Bank sílẹ̀ ní 1929. Ó wó ní ọdún kejì. Nigerian Mercantile Bank tí ó tẹ̀ lé e ní 1931 kò kọjá 1936. National Bank tí Akinọlá Majà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá sílẹ̀ ní 1933 ni ó dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni Agbọ́nmágbẹ̀ tí M. A. Okupe bẹ̀rẹ̀ ní 1945, èyí tí a mọ̀ sí Wema lónìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, báńkì tuntun ń hù bí olú, nítorí kò sí òfin kankan tí ó dá báńkì dúró. Ìjọba amúnisìn pe G. D. Paton ti Bank of England ní 1948 láti ṣe ìwádìí. Òfin jáde ní 1952, ó sì béèrè pọ́n-ùn 12,500 gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ báńkì ọmọ ìbílẹ̀. Nígbà tí 1954 yóò fi parí, 21 nínú báńkì ọmọ ìbílẹ̀ 25 ti kógbá sílé.

Àìnírìírí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kọ́kọ́ dárúkọ gẹ́gẹ́ bí okùnfà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ìkówójẹ wà lára ohun tí ó pa báńkì Tete-Ansa, a kò sì lè fi àìnírìírí bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi owó pamọ́ kò sì rí ẹni tí yóò dá a padà fún wọn, nítorí kò sí àjọ adójútòfò kankan nígbà náà. Ìgbìmọ̀ Foster-Sutton ní 1956 lórí African Continental Bank, àti ti Adájọ́ Coker ní 1962 lórí owó ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀, èyíinì ni owó àwọn àgbẹ̀ tí ó gba ọwọ́ ìjọba wọ báńkì olóṣèlú. Òṣèlú ni gbogbo ènìyàn rí nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ni owó kò jẹ́ kókó àríyànjiyàn náà.

Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 ni ọgbọ́n náà wá gbó. Báńkì di 120 ní 1992. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé. Olùdarí kan a fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá ilé iṣẹ́ mélòó kan sílẹ̀; báńkì rẹ̀ a yá wọn lówó láìgba ohun ìdógò tí ó tó nǹkan. Bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, a yá ilé iṣẹ́ kejì lówó láti fi san ti àkọ́kọ́. Nínú ìwé, gbèsè ti san, èlé ti wọlé, báńkì sì jèrè. Wọn a tún pín èrè náà fún àwọn tí ó ra ìpín ìdókòwò, tí olùdarí fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Owó tí oníṣòwò kó wá ní òwúrọ̀ ni a fi ń dá ti àná lóhùn. Ọjọ́ tí àwọn oníbàárà bá pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ni àṣírí tú.

Òfin kejìdínlógún ti 1994 ni ó kọ́kọ́ gbé ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ kalẹ̀ láti gba gbèsè báńkì tí ó wó padà, kí ó sì tún fi ẹni tí ó jẹ̀bi sẹ́wọ̀n. Ìjọba ológun ni ó ṣe é, béèlì sì ṣòro gbà níbẹ̀, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò bá a wí fún lọ́nà ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, òfin náà gbà pé ẹ̀yáwó láìní ìdógò lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ní oṣù Kìíní 1998, a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àjọ adójútòfò, NDIC, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, kò lè san ju N50,000 lọ fún ẹnì kan. Oníṣòwò tí ó fi N300,000 owó ọjà pamọ́ yóò gba ìdá mẹ́fà rẹ̀, yóò sì máa retí ìyókù títí a ó fi ta dúkìá báńkì. Owó ìyáwèrè ni fún olówó ńlá. Fún ẹni tí ó gba ọjà àwìn, ó túmọ̀ sí pé òun náà di onígbèsè lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ báńkì náà rí. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ padà sọ́dọ̀ alájọ.

Ní 2005, wọ́n sọ owó ìpìlẹ̀ di bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 sì di 25. Tísà, awakọ̀ àti ìyálọ́jà ra ìpín ìdókòwò. Àwọn báńkì kan tún ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín tiwọn, kí iye rẹ̀ lè máa gòkè. Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín kọjá 66,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún, ó sì fi bílíọ̀nù 420 náírà ti báńkì wọn lẹ́yìn. Mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú bílíọ̀nù 200.

Ní oṣù Kẹwàá 2010, Cecilia Ibru ti Oceanic Bank gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta nínú 25. Dúkìá tí ó tó bílíọ̀nù 191 náírà ni ilé ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ó fi kún un. Ní oṣù Kẹjọ 2011, ìjọba gba Afribank, Spring Bank àti Bank PHB, ó sì yí orúkọ wọn padà. Ìpín ìdókòwò àwọn tísà àti ìyálọ́jà inú wọn di ìwé lásán. AMCON tí ó ra gbèsè yòókù ń gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ gbogbo báńkì, títí kan àwọn tí kò bá wọn jẹ nínú rẹ̀.