Pàṣán Dé, Ẹṣin Ò Dé: Bí Kòbókò Ṣe Di Ará Èkó

Nínú gbogbo ohun èlò ẹṣin tí àwọn baba wa mọ̀, gàárì, ìjánu, kẹ́sẹ́ àti pàṣán, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Mùṣín, Yábàá àti Sùúrùlérè. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Lawanson pé kí ni kẹ́sẹ́, ó ṣeé ṣe kó kàn máa wò yín. Ẹ dárúkọ kòbókò, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná. Ọmọ yìí lè dàgbà, kó dàgbà tán, kó má gun ẹṣin rí láyé rẹ̀. Báwo wá ni pàṣán ẹṣin ṣe fìdí múlẹ̀ níbi tí ẹṣin fúnra rẹ̀ kò ti rílé gbé? Ohun tí a fẹ́ tọpa rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sọ́nà jíjìn díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹṣin kan wà tí ẹni tó bá rí i lókèèrè lè pè ní ewúrẹ́. Ẹgbẹ́ American Miniature Horse Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, kì í gba èyí tó bá ga ju ínǹṣì 34 lọ. Àgbàlagbà kò lè gun irú ẹṣin aràrá bẹ́ẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ kékeré ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn, ẹni tó ń darí rẹ̀ á sì jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó gun ẹṣin lè fi itan àti ẹsẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ju ohùn rẹ̀, okùn ìjánu àti pàṣán lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara balẹ̀ yan pàṣán náà. Ó gbọ́dọ̀ gùn tó láti dé èjìká ẹṣin láìjẹ́ pé ẹni náà dìde kúrò lórí ìjókòó, kó má sì gùn débi tí yóò máa há kiri. Ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, torí pé ọwọ́ ni yóò wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn títí dé òpin. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í lu ẹṣin. Ó kàn ń fi tọ́ ọ ni: tọ́ ọ níhìn-ín, kó yà, tọ́ ọ lọ́hùn-ún, kó tẹsẹ̀ mọ́rìn. Ẹsẹ̀ ni pàṣán yẹn jẹ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ara ẹṣin.

Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, gígùn ni a ń gun ẹṣin, a kì í so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Láti òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá sí Ọ̀yọ́ Ilé, ìtàn sì so bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ṣe gbilẹ̀ mọ́ orúkọ Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀. Inú ọ̀dàn ni agbára wọn wà. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń já wọ Dàhòmì, Dàhòmì sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di nǹkan bí 1820 tí Ọba Gezo fi já ara rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ti wọ igbó, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Igi kò jẹ́ kó sáré, eṣinṣin tsetse sì ń fi àìsàn pa á. Ẹṣin tó bá lè fara dà á lápá gúúsù kì í sábà tóbi. Èkó tó wà létí omi kò tilẹ̀ sí lára ibi tí ẹnikẹ́ni máa fi ẹṣin ṣọrọ̀ sí.

Ní Dàhòmì kan náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a rò pé ó yẹ ká ronú sí. Àwọn òyìnbó tó ń bá ọba ṣòwò máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ta á lọ́rẹ. Àwọn àlejò tó dé Abomey láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún rí àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti ń tò kọjá lọ́jọ́ ọdún. Kẹ̀kẹ́ wà, ẹṣin tí yóò fà á kò tó nǹkan. Ènìyàn ni wọ́n so mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti rí ọmọlanke lójú ọ̀nà ọjà Mùṣín, tí a kó sìmẹ́ǹtì tàbí ọmọrí omi kún orí rẹ̀, tí gìrìpá ọkùnrin kan ń fi àyà tì í gun òkè, kò ní bi wá léèrè ohun tí à ń sọ.

Ní ti pàṣán fúnra rẹ̀, ó wà lédè Yorùbá tipẹ́, ó sì lórúkọ púpọ̀. Ẹgba wà. Lagbà wà, èyí tí a fi awọ ṣe. Àtòrì wà, ọ̀pá tútù láti ara igi kékeré tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó máa ń tẹ̀ tí kì í tètè ṣẹ́. Òun ni ó bá ọwọ́ àwọn tó ń tẹ̀lé eégún mu. Ní Èjìgbò, níbi ọdún Ògìyán, ìlú máa ń pín sọ́nà méjì, wọ́n á fi àtòrì na ara wọn, ọdún á sì parí láìsí ìjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá òkun, ó bá àwọn ènìyàn wa dé Brazil, níbi tí wọ́n ṣì ń lo àtòrì níbi ọdún Òrìṣà Funfun. Kòbókò ní tirẹ̀ jẹ́ awọ màlúù tí wọ́n lọ́, tí wọ́n sá gbẹ. (Awọ kan náà ni pọ̀nmọ́. Èyí tí a kò bá jẹ, a fi na ara wa.) Àwọn Haúsá ń pe pàṣán ní bùlálà, ọ̀pọ̀ ará Èkó sì gbọ́ ìyẹn náà.

A ò ní ṣe bí ẹni pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ẹgba nínà. Òwe wa kan wà tí kò dárúkọ ẹṣin rárá: pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ẹni tó pa òwe yẹn mọ ibi tí pàṣán wà nínú ilé, ó sì mọ ẹni tó kàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bá gbójú fo èyí, irọ́ ló ń kọ.

Síbẹ̀, ìjọba òyìnbó fi nǹkan kún un. Ní 1863, John Glover kó àwọn Haúsá tó jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀ jọ sí Èkó, ó sọ wọ́n di ọlọ́pàá oníbọn. Lára wọn ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn sí. Nígbà tó fi di òpin ọ̀rúndún náà, West African Frontier Force ti dé, ẹgba sì wà nínú òfin rẹ̀. Ní 1881 ni Bìrìtìkó fòpin sí ẹgba nínà fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ nílé. Ti àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ kò kúrò títí di 1946, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá wọn ja ogun Burma tán. Ọdún márùndínláàádọ́rin ló wà láàárín méjèèjì. Ṣọ́jà tí wọ́n fi ẹgba kọ́ níṣẹ́ fún gbogbo àsìkò yẹn, a kò rí ìdí tí ẹnu fi yẹ kó yà wá nígbà tó gbé e jáde síta.

Ní àárín àkókò yìí ni agbègbè wa gan-an ń di ìlú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ní 1896, ó sì ti dé Ìbàdàn ní 1901. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924 ló jẹ́ kí wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, Yábàá sì wà lára ohun tí iṣẹ́ wọn bí. Láti 1955 ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè. Ẹṣin kò bá wọn kọjá afárá. Erékùṣù ni pápá eré ẹṣin wà, níbi tí wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960; Tafawa Balewa Square ni wọ́n ń pè é báyìí. Eré ẹṣin níbẹ̀ ti di ìtàn.

Ní 1977, Nàìjíríà gbàlejò àjọ̀dún FESTAC. Pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ṣí i ní January 15. Eré ẹṣin ńlá tó wà nínú ètò náà, Durbar, Kàdúná ni wọ́n ti ṣe é. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, ní February 18, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fela ní Agege Motor Road, lápá Ìdí-Òro. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ti 1984 ni gbogbo òbí wa mọ̀ sórí. Ní March ọdún yẹn ni ìjọba Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ War Against Indiscipline, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní WAI. Títò sórí ìlà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́jà wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú kòbókò, ẹni tó bá sì já ìlà, ara rẹ̀ ló máa sọ fún un. A ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tó ń yin àsìkò yẹn, pé ìgbà yẹn ni Èkó gún régé. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ẹṣin aràrá yẹn: pàṣán tó tọ́ni sọ́nà àti pàṣán tó ń bani lẹ́rù kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ẹlẹ́rù bá sì ti kúrò lójú ọ̀nà, ìlà a tú. Ojúẹlẹ́gba lè jẹ́rìí sí i. (Kì í ṣe ẹgba tí a fi ń nani ló fún ibẹ̀ lórúkọ o. Èṣù Ẹlẹ́gbára, tí ojúbọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ni.)

Òfin ti sọ tirẹ̀. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹni tàbí hùwà sí i bí ẹni tí kì í ṣe ènìyàn. Ní November 2008, àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ ọ̀gá wọn fi kòbókò lu ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Victoria Island, torí pé kò tètè yà fún wọn lọ́nà. Ẹnì kan ya fídíò rẹ̀. Obìnrin náà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ní January 2010 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 100 náírà fún un.