Rayon: Aṣọ Tí Igi Bí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wọ rayon láìmọ̀ pé ara igi ló ti wá. Kì í ṣe òwú, kò sì bá náílọ́ọ̀nù tan, nítorí epo rọ̀bì ni ti náílọ́ọ̀nù. Sẹ́lúlóòsì, ohun tó gbé igi àti òwú ró, ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kẹ́míkà ló ń sọ ọ́ di fọ́nrán.

Owó gegere tí ṣẹ́dà ń náni ló bí i. Ará Faransé kan, Hilaire de Chardonnet, gba ìwé àṣẹ lórí ṣẹ́dà àtọwọ́dá ní ọdún 1884, ó sì pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní 1889. Aṣọ náà rẹwà, àmọ́ iná tètè ń ràn án. Ní 1892 ni Charles Cross, Edward Bevan àti Clayton Beadle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà tó sàn jù, èyí tí wọ́n pè ní viscose. Wọn a rẹ igi tí a ti sè di ẹ̀tù sínú kọ́sítíìkì sódà, wọn a fi carbon disulphide sí i, yóò sì di omi tó ki bí oyin. Wọn a wá tì í gba ojú ihò tín-ín-rín bọ́ sínú ásíìdì, níbi tí yóò ti le di okùn. Ilé iṣẹ́ Courtaulds bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Coventry ní 1905. Ní 1924 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fún un ní orúkọ náà, rayon.

Ó rọ̀, ó ń dán, ó ń gba aró, ó sì ń fa òógùn ju òwú lọ. Dídán yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá fi í rọ́pò ṣẹ́dà nínú àlàárì. Omi ni ọ̀tá rẹ̀: bó bá rẹ, ó lè pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fún un tagbáratagbára.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò sí lára ẹni tó wọ̀ ọ́ bí kò ṣe lára ẹni tó ṣe é. Bí òṣìṣẹ́ bá ń fa èéfín carbon disulphide símú fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba ọpọlọ, iṣan àti ọkàn jẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ya wèrè. Ní Gúúsù Kòríà, òṣìṣẹ́ tó lé ní 800 ni àìsàn yìí kọlù ní ilé iṣẹ́ Wonjin Rayon, tí wọ́n tì pa ní 1993. Àlòkù láti Japan ni ẹ̀rọ wọn. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà kú, China ni wọ́n tún ta ẹ̀rọ ọ̀hún sí.

Irú tuntun kan, lyocell, kò nílò carbon disulphide rárá, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kẹ́míkà rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó padà lò. Síbẹ̀, viscose ló ṣì pọ̀ jù lọ́jà.